Oògùn Tí Ó Sọ Èèwọ̀ Rẹ̀ Nù: Apakòkòrò Oko Nínú Yàrá Wa ní Fọlá Àgòrò

 

1. Ìfáárà

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò ti máa wò ó pé ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ apakòkòrò oko. Kí ni ó kan ará Fọlá Àgòrò nínú rẹ̀, ẹni tí ilẹ̀ tí ó ní kò ju ibi tí ó ń sá aṣọ sí lọ? Ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ni láti fi hàn pé ó kàn wá gidigidi. Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tí àwọn oògùn wọ̀nyí jẹ́, bí wọ́n ṣe ti oko dé inú yàrá wa, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú ara ènìyàn, àti bí ó ṣe yẹ kí a máa lò wọ́n tí a kò fi ní fọwọ́ ara wa ṣe ara wa. Ṣùgbọ́n kí n tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi yan ọ̀rọ̀ náà.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ariwo ta ní yàrá kẹta sí tèmi. Ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́fà kan ni ó rí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò lábẹ́ ibùsùn, tí ó sì gbé e mu. Ohun tí ó wà nínú ìgò náà ni òtapíapía tí ìyá rẹ̀ rà lọ́wọ́ ẹni tí ń kiri, kí ó lè fi pa ìdun. Nígbà tí mo débẹ̀, itọ́ ti ń ṣàn lẹ́nu ọmọ náà, òógùn ti bò ó, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Àwọn aládùúgbò ti gbé epo pupa wá, wọ́n ti rọ díẹ̀ sí i lẹ́nu. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dáwọ́ dúró. A gbé ọmọ náà, a gbé ìgò náà, a sáré lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìbéèrè kan péré ni dókítà kọ́kọ́ bi wá: "Kí ni ó wà nínú ìgò yìí?" Kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó lè dáhùn. Ohun tí a kọ sí ara ìgò náà ni orúkọ ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Dókítà ní láti wo ojú ọmọ náà, kí ó rí bí ọmọlójú rẹ̀ ti kéré bí ojú abẹ́rẹ́, kí ó tó mọ irú oògùn tí ó bá a jà, kí ó sì fún un ní abẹ́rẹ́ atropine. Ọmọ náà yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà délé ní òru ọjọ́ náà, èmi tí mo ń kọ́ni ní kẹ́mísírì lọ sí ilé ìdáná ara mi, mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì. Ìgò omi mímu kan wà níbẹ̀. Oògùn tí mo fi ń pa aáyán ni ó wà nínú rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo dà á síbẹ̀.

2. Oògùn àti èèwọ̀ rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ohun tí Yorùbá fi ń wo àìsàn, oògùn ni. Ohun tí a fi ń pa eku, oògùn ni. Èyí tí a fi ń pa ẹ̀fọn tàbí koríko, oògùn náà ni. Àwọn kan a máa sọ pé orúkọ yìí ni ó ń tan ènìyàn jẹ, pé májèlé ni ó yẹ kí a máa pè é. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Àwọn baba wa mọ̀ dájú pé ohun tí ó lè wo ni sàn lè pa ni. Ìdí nìyí tí onísègùn kì í fi í gbé oògùn lé ènìyàn lọ́wọ́ láìsọ èèwọ̀ rẹ̀: ìgbà tí a ó lò ó, ìwọ̀n tí a ó lò, ohun tí a kò gbọdọ̀ jẹ mọ́ ọn, ẹni tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹni tí ó bá gba oògùn láìgba èèwọ̀ rẹ̀, ìdajì ni ó gbà.

Apakòkòrò òde òní náà ní èèwọ̀ tirẹ̀. Ara ìgò rẹ̀ ni a kọ ọ́ sí. Níbẹ̀ ni a ó ti rí orúkọ èròjà tí ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ àti bí ó ti pọ̀ tó, irú ohun ọ̀gbìn tí a ṣe é fún, iye omi tí a ó fi là á, aṣọ tí a ó wọ̀, iye ọjọ́ tí ó gbọdọ̀ kọjá láàrin ìgbà tí a fọ́n ọn àti ìgbà tí a ó kórè, àti ohun tí dókítà yóò ṣe bí ènìyàn bá ṣèèṣì mu ún. Àmì àwọ̀ sábà máa ń wà nísàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú, fún àǹfààní ẹni tí kò mọ ìwé kà. Pupa ń tọ́ka sí èyí tí ó burú jù, àwọ̀ ìyeyè tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni àwọ̀ aró, àwọ̀ ewé sì ni ti èyí tí ewu rẹ̀ kéré jù. Nínú ìpín tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe, dichlorvos, tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ní àdúgbò wa, wà lára àwọn tí àmì pupa tọ́ sí.

Àwọn àgbà ní oògùn tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan. Ti apakòkòrò yàtọ̀: ó ń jẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ, ewé ìwé ara ìgò rẹ̀ sì ni ewé tí ó kù. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí ní àdúgbò tiwa. Gbogbo Èkó ni ó mọ Ṣómólú mọ iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ọ̀sán àti òru ni ẹ̀rọ ń dún níbẹ̀, tí wọ́n ń tẹ ìwé, káàdì, páálí àti àkọlé ara ìgò. Àwa tí a ń tẹ àkọlé fún ọjà àwọn ẹlòmíràn, ìgò tí kò ní àkọlé ni a fi pamọ́ sábẹ́ ibùsùn wa.

3. Bí ó ṣe ti oko dé ilé

Bàbá mi jẹ́ àgbẹ̀ kòkó ní ìhà Ìdànrè. Oògùn tí mo kọ́kọ́ mọ̀ láyé mi ni Gammalin 20. Láti àwọn ọdún 1950 lọ ni àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ Yorùbá ti ń lò ó láti pa kòkòrò kapsidi, tí ń fa omi ara èso àti ẹ̀ka kòkó mu. Mo rí i bí bàbá mi ṣe ń fi igi rò ó nínú garawa. Bí igi kò bá sí nítòsí, ọwọ́ ni. Agolo rẹ̀ tí ó bá ṣófo a di ohun ìgbépo ní ilé wa. Àwọn ẹlòmíràn a dà á sí odò láti fi pa ẹja, wọn a sì gbé ẹja náà lọ sí ọjà. Kò sí ẹni tí ó rò pé òun ń ṣe ibi.

Lindane ni èròjà inú Gammalin. Kì í tètè jẹrà nínú ilẹ̀, a sì máa sá pamọ́ sínú ọ̀rá ara ẹran àti ènìyàn. Ní ọdún 2009 ni a fi í kún àwọn èròjà tí Àdéhùn Stockholm fẹ́ mú kúrò nílẹ̀ ayé. Ní ọdún 2015, àjọ tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Ó ti tó ọ̀pọ̀ ọdún nígbà náà tí àwọn bàbá wa ti ń fi ọwọ́ rò ó.

Irú oògùn kejì ni èyí tí dichlorvos jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìtàn ìdílé rẹ̀ yẹ ní gbígbọ́. Ní orílẹ̀-èdè Jámánì ni Gerhard Schrader, onímọ̀ kẹ́mísírì, ti ń wá apakòkòrò tuntun ní ọdún 1936, tí ó fi ṣe ohun kan tí ó lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ológun fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Tabun ni wọ́n pè é, ó sì jẹ́ gáàsì tí a fi lè pa ọmọ ogun. Èyí tí ó wà nínú ìgò wa kò le tó tabun, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ni wọ́n, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì ń gbà ṣiṣẹ́.

Lórí oko, ilẹ̀ fẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́, ẹni tí ó fọ́n oògùn a sì padà sílé. Ní Fọlá Àgòrò, yàrá kan ni bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́rin ń sùn sí. Gọ́tà wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀fọn ń kùn, aáyán ń rìn, ìdun sì wà nínú bẹ́ẹ̀dì. Owó kò tó láti ra flíìtì inú agolo. Ẹni tí ń kiri dé, ó ní oògùn òun lágbára jù, owó rẹ̀ sì kéré. Ohun tí a ṣe fún oko gbalasa ni a wá fọ́n sí yàrá tí a ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀, tí àwọn ọmọ yóò sùn sínú rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan náà.

4. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú ara

Bí ẹ bá fẹ́ ṣí ọwọ́, ọpọlọ yín ni ó ń rán iṣẹ́ sí ẹran-ara ọwọ́ nípasẹ̀ iṣan. Níbi tí iṣan ti pàdé ẹran-ara, ìránṣẹ́ kan ni ó ń gbé iṣẹ́ náà kọjá. Acetylcholine ni orúkọ rẹ̀. Bí ó bá ti jíṣẹ́ tán, èròjà mìíràn tí à ń pè ní cholinesterase a pa á rẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹran-ara lè sinmi. Ohun tí dichlorvos ń ṣe ni pé ó ń de cholinesterase yìí lọ́wọ́. Ìránṣẹ́ jíṣẹ́ tán, kò lọ. Ó ń jẹ́ iṣẹ́ kan náà léraléra. Itọ́, omijé àti òógùn a máa dà láìdúró, inú a máa run, ìgbẹ́ àti ìtọ̀ a máa bọ́, ọmọlójú a sún kì, ẹran-ara a máa gbọ̀n títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Bí ó bá kan àwọn ẹran-ara tí a fi ń mí, tí omi sì kún ẹ̀dọ̀fóró, ikú ni ó kù.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó ń gbà wọlé: ẹnu, imú àti awọ ara. Ti awọ ara ni àwọn ènìyàn kì í kà sí. Ẹni tí oògùn dà sí lẹ́yìn nígbà tí ó gbé ẹ̀rọ ìfọ́noògùn pọ̀n, tí kò sì bọ́ aṣọ náà títí di ìrọ̀lẹ́, ń mu ún ní gbogbo ọjọ́ náà láìfi ẹnu kàn án. Ó sì ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí ara tó rọ́pò cholinesterase tí ó sọ nù. Nítorí náà, ẹni tí ń fa díẹ̀ símú lónìí, tí ó tún fa díẹ̀ lọ́la, gbèsè ni ó ń jẹ. Ẹ̀fọ́rí, òòyì àti ojú tí ń ṣú ni a sábà fi ń mọ̀ ọ́n, a ó sì máa sọ pé ibà ni. Ewu náà pọ̀ jù fún ọmọdé, nítorí pé ara rẹ̀ kéré, ó ń mí léraléra ju àgbà lọ, ilẹ̀ tí a fọ́n oògùn sí ni ó sì ń rá lórí rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo oògùn oko ni ó ń ṣe báyìí o. Paraquat, tí a fi ń pa koríko, ẹ̀dọ̀fóró ni ó ń bá jà. Ẹni tí ó bá mu ún lè dìde, kí ó máa sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, kí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ tó wá le bí awọ. Kò sí ẹ̀rọ̀ kan tí a mọ̀ fún un. Ẹ ó rí i pé àìmọ orúkọ ohun tí ó wà nínú ìgò kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré: ìtọ́jú ti ọ̀kan kì í ṣe ìtọ́jú ti èkejì.

5. Ẹ̀wà tí à ń jẹ

Ọ̀nà kejì tí oògùn oko ń gbà dé ilé wa ni inú àpò ẹ̀wà. Kò sí ilé ní Fọlá Àgòrò tí wọn kì í jẹ àkàrà, mọ́ínmọ́ín tàbí ẹ̀wà àgànyìn. Ẹyin kòkòrò ẹ̀wà sábà máa ń ti oko bá a wá. Bí àpò bá pẹ́ nílé, kòkòrò a pa, wọn a sì lu ẹ̀wà náà jálẹ̀. Oníṣòwò tí ó fi owó yá ẹ̀wà kò fẹ́ pàdánù, ni ó bá wọ́n dichlorvos sí i.

Ní oṣù Okúdù ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà dúró. Ìwọ̀n dichlorvos tí òfin wọn gbà kò ju 0.01 mílígíráàmù nínú kílógíráàmù kan. Ohun tí wọ́n rí nínú ẹ̀wà tí wọ́n dá padà bẹ̀rẹ̀ láti 0.03 títí dé 4.6. Ìyẹn ni pé èyí tí ó burú jù fi ìlọ́po 460 ju ti òfin lọ. Ariwo owó òkèèrè tí a pàdánù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn pa nígbà náà. Ohun tí ó ká mi lára jù ni pé àwọn ará Yúróòpù wọn ẹ̀wà náà kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Àwa kì í wọn tiwa.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a di gbogbo ẹ̀bi ru ìyá ọlọ́jà. Àwa tí a ń ra ẹ̀wà olóyin ni a máa ń ṣà á wò, tí a bá rí ihò kan, a ó kọ̀ ọ́, a ó lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ọ̀nà mìíràn wà tí a lè gbà tọ́jú ẹ̀wà. Láti nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1980 ni àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà ti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ ní Cameroon lórí àpò alápá mẹ́ta: ọ̀rá méjì nínú, àpò tí a hun lóde. Bí a bá di ẹnu rẹ̀ pinpin, kòkòrò inú rẹ̀ yóò lo afẹ́fẹ́ tán, yóò sì kú fúnra rẹ̀. PICS ni orúkọ àpò yìí, ó sì wà ní Nàìjíríà. Ẹ̀wà tí a sá gbẹ dáadáa, tí a kó sínú kẹ́ẹ̀gì tàbí dúrọ́ọ̀mù mímọ́ tí kò gba afẹ́fẹ́, yóò ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́.

Àwọn kan ń lo hóró oògùn aluminium phosphide, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Phostoxin. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá kàn án, gáàsì olóró kan a jáde lára rẹ̀, kò sì sí ẹ̀rọ̀ fún òun náà. Inú ilé ìkẹ́rù tí a kọ́ fún un, lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà, ni àyè rẹ̀. Ẹni tí ó fi í sínú àpò ẹ̀wà tàbí ihò eku ní yàrá tí ènìyàn ń sùn sí, ó fi ẹ̀mí gbogbo ilé wéwu.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Benin, aládùúgbò wa, jẹ́ ẹ̀kọ́ fún wa. Ní àkókò ọ̀gbìn owú ọdún 1999 sí 2000, endosulfan pa àwọn ènìyàn ní ẹkùn Borgou. Iye tí ìjọba kéde jẹ́ 37. Oògùn tí a ṣe fún owú ni ó rìn dé ibi oúnjẹ.

6. Ohun tí òfin lè ṣe

Ìjọba kò káwọ́ gbera. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de ìgò kéékèèké dichlorvos tí kò ju 100 mílílítà lọ, ó sì ní kí a má ṣe tà á ní ọjà gbangba mọ́, àfi lọ́dọ̀ àwọn tí a fún ní àṣẹ láti ta oògùn oko. Àjọ náà tún fòfin de paraquat láti ọjọ́ kìíní ọdún 2024. Èyí dára. Ṣùgbọ́n bí òfin bá lé ìgò kékeré tí ó ní àkọlé kúrò lọ́jà, tí ẹni tí ń kiri sì ń bu ti inú kẹ́ẹ̀gì ńlá sínú ìgò ọtí, a jẹ́ pé èèwọ̀ nìkan ni a bọ́ kúrò lára oògùn; oògùn náà kò kúrò láàrin wa. Òfin ń ṣọ́ ojú ọjà. Àwa ni a ó ṣọ́ abẹ́ ibùsùn wa.

7. Èèwọ̀ tí a gbọdọ̀ pa mọ́

Fún ẹni tí ó ní oko tàbí ọgbà: kí ó ka àkọlé, tàbí kí ó fún ọmọ rẹ̀ kà á sí i létí, kí ó tó ṣí ìgò. Kí ó wọ aṣọ alápá gígùn, ṣòkòtò gígùn, bàtà òjò, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ìbòmú àti awò ojú. Kí ó fi igi rò ó, kì í ṣe ọwọ́. Kí ó fọ́n ọn ní òwúrọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ tí atẹ́gùn kò le, kí ó má sì ṣe dojú kọ atẹ́gùn. Bí ẹnu ẹ̀rọ bá dí, kí ó má ṣe fi ẹnu fẹ́ ẹ. Kò gbọdọ̀ jẹun tàbí mu sìgá níbẹ̀. Bí ó bá ṣe tán, kí ó wẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ, kí a sì fọ aṣọ rẹ̀ lọ́tọ̀. Kí ó ka ọjọ́ pé kí ó tó kórè. Ìgò tí ó ṣófo, kí ó ṣàn án ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ó da omi rẹ̀ padà sínú ẹ̀rọ ìfọ́noògùn, kí ó sì lu ìgò náà, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi pọn omi.

Fún àwa ará ìlú: kí a má ṣe ra oògùn tí kò ní àkọlé. Kí a má ṣe bu oògùn sínú ìgò ohun mímu láé. Kí a má ṣe fọ́n oògùn oko sí yàrá, sára ibùsùn, tàbí sí irun ọmọ nítorí iná orí. Fífọ gọ́tà, dídí ihò, nẹ́ẹ̀tì lójú fèrèsé, omi gbígbóná àti oòrùn fún ìdun, wọ́n ṣòro díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í pa ọmọ. Ní ti ẹ̀wà, kí a rẹ ẹ́, kí a fọ̀ ọ́, kí a da omi àkọ́kọ́ nù. Èyí a máa dín ohun tí ó wà lára rẹ̀ kù, kò lè mú un tán. Èyí tí ó bá ń rùn bí oògùn, kí a má ṣe jẹ ẹ́.

Bí ewu bá ti ṣẹlẹ̀: kí a gbé ẹni náà lọ síbi tí afẹ́fẹ́ wà. Kí a bọ́ aṣọ tí oògùn dà sí, kí a fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ ara rẹ̀. Kí ẹni tí ń fọ̀ ọ́ sì dáàbò bo ọwọ́ ara rẹ̀. Bí ó bá kán sí ojú, kí a máa da omi mímọ́ sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán. Kí a má ṣe fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì, kí a má sì ṣe ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun kí ó lè bì. Mo mọ̀ pé epo ni ẹ̀rọ̀ nílé wa, ìfẹ́ ni ó sì ń mú wa gbé e wá. Ṣùgbọ́n epo kì í pa oró yìí, ó sì lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí kò lè gbé nǹkan mì dáadáa. Bí ó bá ti dákú, kí a fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Kí a pe 767 tàbí 112 ní Èkó, tàbí kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí a sì mú ìgò náà dání, pẹ̀lú àkọlé rẹ̀.

8. Àgbálọgbábọ̀

Mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé oògùn tí a ṣe fún oko ti dé inú ilé wa, àti pé àkọlé tí ó yẹ kí ó bá a wá kì í sábà bá a dé ibi tí a ń gbé. N kò sọ pé kí àgbẹ̀ má lo apakòkòrò. Bí kòkòrò bá jẹ oko tán, ebi ni yóò pa wá. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí oògùn àti èèwọ̀ rẹ̀ má ṣe pínyà.

Ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ sí ilé ìwé báyìí, ó sì máa ń kí mi láràárọ̀. Ìgò inú ilé ìdáná mi kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà ní ìfura ni oògùn àgbà. Òun nìkan ni oògùn tí mo mọ̀ tí kò ní èèwọ̀. Bí ẹ bá ti ibí délé lálẹ́ yìí, kí ẹ tó jókòó jẹun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ibùsùn yín.